Kí ni mo ń wò gan-an? Àlàyé lórí àwòrán odò àwọn Dọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró níwájú àwòrán odò ti àwọn Dọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn ará Nẹ́dálándì, sábà máa ń bi ara rẹ̀ pé, kí gan-an ni mo ń wò? Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ogun, kò sí áńgẹ́lì. Omi ni, igi díẹ̀, ọkọ̀ kan tó kó màlúù, àti ojú ọ̀run tó gba ibi tó pọ̀ jù nínú férémù. Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá ò pe èèyàn: àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ eérú ló kún inú ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n á gbé e kọ́ sí ibi tó dára jù ní mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n á ní kí ẹ̀ṣọ́ dúró tì í. Bí ẹ bá wá yíjú sí káàdì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tún lè dojú rú sí i. Wọ́n á kọ “ọmọlẹ́yìn van Goyen” sí ọ̀kan, “ìlànà Dọ́ọ̀ṣì” sí òmíràn, Ruysdael níbí, Ruisdael lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan ká wò ó dáadáa. Salomon van Ruysdael, ayàwòrán ìlú Haarlem, ló kùn ún lọ́dún 1649. Ọ̀dà olóróró lórí aṣọ ni, ó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 101, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi 134. Washington ló wà lónìí, ní National Gallery of Art. Ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá odò ni ojú máa kọ́kọ́ bà lé, èèyàn àti màlúù jọ wà nínú rẹ̀, àwọn màlúù náà sì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ti san owó ọkọ̀ tiẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ wo etí odò. Ó fẹ̀ níwájú, igi ńláńlá wà lórí rẹ̀, ó wá ń tín-ín-rín lọ bó ṣe ń jìnnà, títí ó fi di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí omi àti ọ̀run ti pàdé. Ìlà dídágẹ̀ẹ́rẹ́ yìí ni ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí àwọn ayàwòrán wọ̀nyí ń lò. Òun ló ń fa ojú wọnú àwòrán láìjẹ́ pé ẹni tó ń wò ó fura. Bí ẹ bá wo ogún àwòrán odò ti àkókò yẹn, ẹ ó rí i nínú púpọ̀ nínú wọn: etí odò láti ẹ̀gbẹ́ kan, omi ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkọ̀ láàárín, ṣóńṣó ilé ìjọsìn ní ọ̀ọ́kán.

Ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé yẹn wà nísàlẹ̀ gan-an, tó fi jẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwòrán, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ kìkì ìkùukùu àti afẹ́fẹ́. Ibi tí àlejò ń pè ní òfìfo yìí ni ayàwòrán lo agbára rẹ̀ sí jù. Ẹ bi àwòrán náà ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò: ṣé òjò máa rọ̀? Apá ibo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́? Aago mélòó ló lù? Yóò dá yín lóhùn. Ìgbòkun ọkọ̀ tó wú tàbí tó rọ̀ á sọ nípa atẹ́gùn. Níbi tí igi bá ti ṣíji bo omi, omi á dà bíi dígí dúdú, òjìji màlúù á sì hàn nínú rẹ̀ rekete. Níbi tí atẹ́gùn bá ti fọwọ́ kan omi, òjìji á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ojú ọjọ́ ni wọ́n ń yà. Ọkọ̀ àti màlúù wà níbẹ̀ kí ojú ọjọ́ lè rí nǹkan bà lé.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé, ṣé ibì kan wà lóòótọ́ tó rí báyìí? Ibí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, torí àwòrán náà jọ fọ́tò. Odò rí bí odò, ìlú rí bí ìlú. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ọ̀dà lọ sí etí odò. Tíúbù onírin tí a fi ń gbé ọ̀dà kiri ò sí láyé títí di 1841. Láyé tiwọn, ìyẹn ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n ní láti lọ àwọ̀ lórí òkúta, kí wọ́n fi òróró irúgbìn pò ó, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé jáde ni ìwé àti ṣọ́ọ̀kì dúdú. Jan van Goyen, tí wọ́n bí ní Leiden lọ́dún 1596, rìn káàkiri orílẹ̀-èdè rẹ̀ báyìí, ó ń ya ilé, afárá àti ọkọ̀ sínú ìwé. Tó bá padà délé, á ṣí ìwé náà, á mú afárá láti ojú ewé kan, á mú ilé ìṣọ́ láti òmíràn, á tò wọ́n sí etí odò tí òun fúnra rẹ̀ dá. Ẹnubodè kan wà nítòsí Utrecht tí wọ́n ń pè ní Pellekussenpoort. Van Goyen fi ẹnubodè yìí sínú àwòrán rẹ̀ léraléra, ó ń ṣí i káàkiri, ó sì ń yí ohun tó yí i ká padà bó ṣe wù ú.

Èmi ò ka èyí sí irọ́. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà ń yan ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó bá rí àkọlé bíi “odò níwájú ìlú báyìí” mọ̀ pé ọwọ́ ló to àwòrán náà. Kódà Jacob van Ruisdael, tí ọ̀pọ̀ kà sí àgbà gbogbo wọn, gbé ilé olódi Bentheim ka orí òkè gíga nínú àwòrán rẹ̀ ti 1653, nígbà tó jẹ́ pé òkè kékeré ló wà lórí rẹ̀ ní ti gidi. Àkọlé tí àwòrán Salomon yẹn ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ sọ pé odò Vecht ni, nítòsí ilé olódi Nijenrode. Àkọlé tí Washington fi sí i lónìí kò dárúkọ ibì kankan: odò àti ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá, ó parí.

Kí wá nìdí tó fi jẹ́ odò? Nítorí pé odò ni títì. Rhine, Maas, Waal, Lek, Vecht, IJssel, gbogbo wọn ń gba inú ilẹ̀ yẹn kọjá lọ sí òkun, ojú omi sì yá ju ọ̀nà ẹrẹ̀ lọ fún ẹni tó ń gbé wàràkàṣì tàbí bíríkì lọ sọ́jà. Lọ́dún 1632 wọ́n ṣí ipa omi tí wọ́n gbẹ́ láti Amsterdam dé Haarlem, tí ẹṣin ń rìn létí rẹ̀, tó ń fi okùn fa ọkọ̀ èrò. Ilẹ̀ gan-an, omi ni wọ́n já a gbà mọ́ lọ́wọ́. Adágún Beemster tí wọ́n fi ọlọ afẹ́fẹ́ fa omi rẹ̀ gbẹ, ọdún 1612 ló di ilẹ̀ oko. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin orílẹ̀-èdè náà ló sì wà nísàlẹ̀ ju òkun lọ títí dòní. Fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, etí odò tó dákẹ́, tí màlúù ń jẹ koríko lórí rẹ̀, kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Wọ́n sì ń bá Sípéènì jagun lọ́wọ́ nígbà yẹn; àdéhùn ìdádúró ogun wà láti 1609 sí 1621, ogun tún bẹ̀rẹ̀, àlàáfíà ò dé títí di 1648. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Salomon kùn ọkọ̀ rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ àti odò nínú àwòrán kàn jẹ́ àga tí ẹni mímọ́ jókòó lé. Joachim Patinir, tó kú ní Antwerp lọ́dún 1524, ń ya òkè àti omi tó lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ wá a dáadáa, ẹ ó rí ẹni mímọ́ kan tó kúnlẹ̀ níbì kan. Nígbà tí ìjọ àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, gba ilé ìjọsìn ní àríwá, níbi tó di Nẹ́dálándì, wọ́n kó ère àti àwòrán kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọ ń gbé fún ayàwòrán já. Oníbàárà tuntun ni oníṣòwò, olóúnjẹ, oníbíà, alágbẹ̀dẹ tó rí towó ṣe, wọ́n sì fẹ́ nǹkan tí wọ́n máa gbé kọ́ sí yàrá. Wọ́n ra odò tí àwọn fúnra wọn ń wọkọ̀ gbà kọjá. Ẹni mímọ́ ti bá tirẹ̀ lọ, ọlọ́kọ̀ ló gbàpò.

Ọjà yìí ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọ̀ ilẹ̀ tó ń rẹ ojú yẹn. Van Goyen kò dúró de ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ó ń kùn, ó ń gbé e síta, ẹni tó bá wù á rà. Àwòrán ilẹ̀ àti odò kò wọ́n bí àwòrán ìtàn Bíbélì, nítorí náà ẹni tó fẹ́ jẹun nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yára. Ó yára lóòótọ́: àwòrán tó kùn tó wà títí dòní ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Bó ṣe ń ṣe é rèé. Á mú pátákó igi óákù, á fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lójú, á fi búrọ́ọ̀ṣì sáré fa igi, koríko àti omi lé e lórí nígbà tí ìsàlẹ̀ ò tíì gbẹ. Àwọ̀ tó ń lò kò tó nǹkan, ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ ofeefee, funfun, dúdú, àwọ̀ ewé díẹ̀, wọn ò sì wọ́n. Níbòmíràn kò tilẹ̀ kùn ún rárá, ó kàn fi àwọ̀ igi pátákó sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ ilẹ̀ yanrìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé owó nìkan ni. Láti nǹkan bí 1626 títí wọ ọdún 1640 sí 1645, òun àti Salomon àti àwọn mìíràn ní Haarlem mọ̀ọ́mọ̀ dín àwọ̀ kù. Wọ́n rí i pé bí ohun gbogbo bá wà nínú àwọ̀ kan náà, tí ìyàtọ̀ kàn jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀ níbí, kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ yóò hàn. Ẹni tó bá ti jí ní kùtùkùtù létí omi ńlá mọ̀ bó ṣe máa ń rí, igi tó wà ní òdìkejì máa ń pàdánù àwọ̀ rẹ̀ kó tó pàdánù ojú rẹ̀.

Ìdí kẹta, ọjọ́ ogbó ni, òun ni àwọn tó ń wo àwòrán kì í sì í rántí. Àwọ̀ búlúù olówó pọ́ọ́kú nígbà náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní smalt. Gíláàsì ni, tí wọ́n fi kóbálítì pa láró, tí wọ́n wá lọ̀ kúnná. Bó bá wà nínú òróró fún ọdún gbọọrọ, búlúù rẹ̀ máa ń ṣí, á di eérú. Ọ̀pọ̀ ọ̀run eléérú tí ẹ ń rí ní mùsíọ́ọ̀mù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀run búlúù lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e tà. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà tún máa ń mọ́ gaara sí i bó ṣe ń dàgbà, ìdí nìyẹn tí ìlà inú igi fi ń yọ lójú ọ̀run van Goyen nígbà míì. Fáníìṣì tí àwọn onílé ń kùn lé e lórí láti ìran dé ìran á sì pọ́n bí oyin. Bí ẹ bá rí àwòrán kan tó dà bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì, ẹ má yára dá ayàwòrán lẹ́bi.

Van Goyen ò fi gbogbo iṣẹ́ yìí lówó, ó ṣeni láàánú. Ilé àti ilẹ̀ ló ń rà tó ń tà, ó sì kó sí òwò òdòdó túlípù tó ń gbòde nígbà náà. Oṣù kìíní ọdún 1637 ló ra túlípù lọ́wọ́ olórí ìlú kan ní The Hague. Oṣù kejì ni ọjà túlípù wó. Lọ́dún 1651 ìlú The Hague san gílídà 650, owó ilẹ̀ wọn nígbà náà, fún un láti ya ìlú náà, owó ńlá ni, àmọ́ gbèsè ló fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1656.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn àwọ̀ ilẹ̀ rárá, kó wá Aelbert Cuyp lọ. Ọmọ Dordrecht ni, wọ́n bí i ní 1620. Omi Maas náà ló ń yà, màlúù náà ni, ṣùgbọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ aláwọ̀ wúrà ló dà sórí gbogbo rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yìí, ti Ítálì ni. Cuyp ò dé Ítálì. Ó rí i nínú iṣẹ́ Jan Both, tó gbé ibẹ̀, tó sì padà wá sí Utrecht. Ẹ rí i pé “ìlànà Dọ́ọ̀ṣì” fúnra rẹ̀ ti ní oòrùn àjèjì nínú.

Ó tó àkókò ká tú orúkọ wò. Ìdílé kan ló dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà. Salomon àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Isaack ń jẹ́ de Gooyer tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó mú orúkọ Ruysdael, orúkọ ilé olódi kan. Isaack bí Jacob, ayàwòrán ńlá, tó ń fi “i” kọ tirẹ̀: Ruisdael. Salomon náà bí Jacob tirẹ̀, òun náà ya àwòrán, “y” ló sì ń lò. Jacob méjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, ìlú kan náà, iṣẹ́ kan náà. Àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ìyà jẹ wa. Tí ẹ bá rí ọlọ afẹ́fẹ́ gogoro kan létí odò Lek ní Wijk bij Duurstede, tí ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ti Jacob oní “i” nìyẹn, Rijksmuseum ní Amsterdam ló wà. Ẹ má sì pe wọ́n ní ará Jámánì nítorí pé Dọ́ọ̀ṣì àti Deutsch jọra. Holland náà, apá kan péré ni lára Nẹ́dálándì. Patinir àti Antwerp rẹ̀ wà ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní.

Káàdì ẹ̀gbẹ́ àwòrán wá ńkọ́? Níbi ọjà gbàǹjo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ lè yí owó padà pátápátá. Bí orúkọ ayàwòrán bá dá dúró, wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sọ pé “a kà á sí ti” ẹni báyìí, ọkàn wọn ń ṣe méjì. Ti “ilé iṣẹ́ rẹ̀” túmọ̀ sí pé ọmọṣẹ́ lè ti kùn ún lábẹ́ òrùlé ọ̀gá; ti “sàkání rẹ̀”, ẹnì kan tó sún mọ́ ọn láyé kan náà. “Ọmọlẹ́yìn” lè má bá ọ̀gá pàdé rí. “Lẹ́yìn” ẹni báyìí jẹ́ àdàkọ àwòrán kan tó ti wà. Tí ẹ bá wá dé “ní ìlànà”, ilẹ̀ ti jìn: ó lè jẹ́ igba ọdún lẹ́yìn ikú ọ̀gá, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Orúkọ tí wọ́n fọwọ́ kọ sí àwòrán ò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè kọ VG, ìkékúrú orúkọ van Goyen, sí ara ọkọ̀ kan. Igi pátákó ṣeé gbára lé jù ú lọ. Wọ́n ń ka àwọn òrùka inú igi óákù láti mọ ọdún tí igi náà ń dàgbà. Bí òrùka tó kẹ́yìn bá jẹ́ ti 1690, van Goyen ti kú ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí igi ọ̀hún tó hu òrùka yẹn.

Àwọn tó kùn “ní ìlànà” yìí kì í ṣe ẹlẹ́tàn ní gbogbo ìgbà. John Constable ní Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ Ruisdael kọ láti fi kọ́ṣẹ́. Turner, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, lọ sí Dordrecht, ó wá gbé àwòrán ọkọ̀ tó dúró sójú omi láìsí atẹ́gùn jáde ní 1818, ọpẹ́ ló fi ń ṣe fún Cuyp.

Ìlànà náà sì ti sọdá òkun tipẹ́ ṣáájú wọn. Lọ́dún 1637 ni Johan Maurits, gómìnà ilé iṣẹ́ òwò àwọn Dọ́ọ̀ṣì, gúnlẹ̀ sí Pernambuco ní Bràsíl, Frans Post ti Haarlem sì wà lára àwọn tó kó dání. Post ya odò São Francisco ní 1639, mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris ló wà báyìí. Ẹ wò ó: omi gbalasa, ìlà ọ̀run nísàlẹ̀, ìkùukùu lókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Haarlem. Níwájú, níbi tí màlúù ìbá wà, kakitọ́ọ̀sì gogoro kan ló wà, pẹ̀lú ẹranko kapibárà tó ń jẹ koríko. Àwòrán náà tutù lójú. Ní ọdún 1637 yẹn kan náà ni Maurits rán ọkọ̀ ogun lọ gba Elmina ní etíkun Gánà òde òní, kó lè rí ẹrú kó wá sí oko ìrèké rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ nígbà náà, púpọ̀ wọn wá láti Àǹgólà àti etíkun Guinea. Ìgbà tó yá ni àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Bahia. Nígbà tí Post padà sí Haarlem ní 1644, ó ń ya Bràsíl títí ó fi kú ní 1680 láìtún débẹ̀ mọ́, ẹ ó sì rí àwọn ẹrú náà nínú rẹ̀, wọ́n kéré, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìrèké, bí ọlọ́kọ̀ àti màlúù ṣe wà nínú àwòrán odò Vecht. Ohun tí ìlànà yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, kí ohun gbogbo dákẹ́ lábẹ́ ọ̀run ńlá. Ọ̀dọ̀ wa ló kù sí láti béèrè ẹni tó ń wa ọkọ̀.

Àwòrán Salomon tí a fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Jacques Goudstikker ló wà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Júù ni, oníṣòwò àwòrán ní Amsterdam, ó sì tún ra ilé olódi Nijenrode gan-an ní 1930, tó fi jẹ́ pé ó ní odò náà lórí ògiri, ó tún ní in lẹ́yìn fèrèsé. Ní oṣù karùn-ún 1940, bó ṣe ń sá fún àwọn ọmọ ogun Hitler, ó ré bọ́ sínú ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òkun lóru, ó kú. Hermann Göring, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá lábẹ́ Hitler, kó àwòrán rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Nẹ́dálándì gbà wọ́n padà, kò sì dá wọn fún ìdílé náà. Ìwé kékeré dúdú kan tí Goudstikker kó orúkọ àwòrán rẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sí wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, òun sì wà lára ohun tí àwọn ajogún rẹ̀ gbé síwájú. Ní oṣù kejì 2006, ìjọba dá 202 padà, ọkọ̀ onímàlúù yìí sì wà nínú wọn. Ọdún kejì ni Washington rà á.